Orúkọ Tí Ìyàwó Ilé Kì í Pè

Oṣù méje gbáko ni mo fi jowú òkú òyìnbó kan. Mi ò rí i rí, ó ti kú kí wọ́n tó bí bàbá bàbá mi, síbẹ̀ bí mo bá gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọmọ mi, inú mi a máa ru. Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé àgbàlagbà bíi tèmi kò yẹ kó máa ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti sọ ọ́ fún ara mi títí, kò gbọ́.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe ní Atlanta níbí. Lithonia ni mò ń gbé. Lọ́pọ̀ ọjọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ ni mò ń wa ọkọ̀ gba I-20 lọ sí Decatur, sílé ìyá àgbà òyìnbó kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ọkọ rẹ̀ ti kú, kò bímọ. Èmi ni mò ń wẹ̀ fún un, mò ń fún un lóògùn, mò ń se ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ tí kò láta fún un. Mo sì ń pè é ní Màmá, torí ẹnu mi kò gbà kí n máa la orúkọ mọ́ ẹni tó tó bí mi lórí bí àwọn ará ibí ti ń ṣe. Nílé, kí n tó wá, tíṣà ni mí. Ìtàn ni mo kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì fún ọdún mọ́kànlá.

Tábìlì ìjẹun Màmá kò rí àwo oúnjẹ mọ́. Ìwé ló gba orí rẹ̀ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, àwọn mìíràn sì wà nínú páálí nílẹ̀. Ó ń tọ ìran baba ńlá rẹ̀, ẹni àkọ́kọ́ nínú wọn tó tẹ̀dó sí Georgia. Ọkùnrin náà gbéra láti Carolina pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, akọ màlúù méjì tó ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù, àti ìbọn kan. Igbó tó wọ̀, ibẹ̀ ni ayé àwọn òyìnbó parí sí nígbà náà. Ìjọba ti lé àwọn Indian, ọmọ ìbílẹ̀ America tó nilẹ̀, kúrò, wọ́n wá ń ṣẹ́ kèké láti fi pín in. Kèké mú ọkùnrin yìí. Ó gbalẹ̀, ó gégi, ó fi ìtì igi kọ́lé, ó bí ọmọ mẹ́sàn-án.

Gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ìwé. Màmá ní ìwé ilẹ̀ ọkùnrin náà, ó ní ìwé tó fi pín ogún rẹ̀, ó ní ìwé owó orí. Ó tún ní ìwé ìtanràn tí kóòtù bù fún un nígbà tó lu aládùúgbò rẹ̀ nítorí ẹlẹ́dẹ̀. Ọjọ́ tó ka ìyẹn fún mi, abọ́ ni mò ń fọ̀, mo sì dúró. Ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú àkọsílẹ̀. Wọ́n kọ àwọ̀ rẹ̀, wọ́n kọ bí wọ́n ṣe gé e létí kí wọ́n lè dá a mọ̀. Ẹni tó bí bàbá bàbá mi kò sí nínú ìwé kankan láyé yìí.

Ohun kan ṣoṣo ló ń da Màmá láàmú. Ní ìran kejì, ọkùnrin méjì ló ń jẹ́ orúkọ kan náà ní àdúgbò kan náà. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ baba ńlá yìí, èkejì jẹ́ ọmọ àbúrò rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn fẹ́ ọmọbìnrin ẹni tó ni ẹ̀rọ ìlọ-àgbàdo, ara ọkọ yẹn sì ni Màmá ti ṣẹ̀ wá. Èwo nínú àwọn méjèèjì ni? Bó bá jẹ́ ọmọ àbúrò ni, a jẹ́ pé baba ńlá tó ti ń bá sọ̀rọ̀ látọjọ́ yìí kì í ṣe tirẹ̀. Ọdún mẹ́tàlá ló ti ń wá ìdáhùn. Ojú rẹ̀ sì ń lọ. Dókítà ti sọ fún un pé kò ní pẹ́ tí kò ní lè kàwé mọ́. Ó máa ń sọ fún mi pé, "Kí n ṣáà fi ojú ara mi rí i kí ojú náà tó kú."

Ọmọ mi ló wá dá kún un. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ó ń wá àwọn wákàtí community service tí school rẹ̀ ń béèrè. Èmi fúnra mi ni mo mú un lọ, pé kó máa bá Màmá ya àwòrán àwọn ìwé náà sínú kọ̀ǹpútà ní Saturday. Mo rò pé á sú u. Kò sú u. Kí oṣù kejì tó pé, ó ti lè ka ìran mẹ́fà nínú ìdílé yẹn láìwo ibì kan, ta ló bí ta, ta ló fẹ́ ta, ta ni ibà pa. Bá a bá ti wọkọ̀ báyìí, òun la ó máa sọ délé.

"Mummy, he couldn't even write. He signed everything with an X. It's like I can see his hand."

Mo bi í pé, "Ìwọ, kí lorúkọ ẹni tó bí grandpa rẹ?"

"Grandpa's dad? Ẹ ò tell me ever."

"Orúkọ tí mò ń jẹ́ kí n tó fẹ́ daddy rẹ, orúkọ wọn nìyẹn."

"Okay. And his own dad?"

"Bàbá Ìdí-Orógbó," mo fèsì kíá, inú mi sì dùn pé mo rí i sọ.

Ní Saturday tó tẹ̀ lé e, ọmọ yìí ti lọ sọ fún Màmá. Màmá fa bébà funfun kan yọ, ó ní, "Sit down, honey. Let's do yours." Mo nu ọwọ́ mi gbẹ, mo jókòó. Mo sọ orúkọ bàbá mi, ó kọ ọ́. Mo sọ orúkọ bàbá bàbá mi, ó kọ ọ́. Mo sọ Bàbá Ìdí-Orógbó, mo sì bá a pe àwọn lẹ́tà rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó kọ ìyẹn náà. Ó wá bi mí pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀, torí ó ti gbọ́ pé orúkọ wa kì í ṣàìní ìtumọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀ ní English: bàbá àgbà tó wà nídìí igi orógbó. Mo ti dé ìdí igi kí n tó gbọ́ ohun tí mò ń sọ.

Màmá gbé pẹ́ńsùlù sílẹ̀. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó kàn rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Honey, that's not a name. That's an address."

Ọmọ mi náà rẹ́rìn-ín. Tirẹ̀ ló dùn mí jù.

Báwo ni màá ṣe ṣàlàyé fún wọn? Nílé wa, ìyàwó kì í pe ará ilé ọkọ lórúkọ. Kì í ṣe bàbá ọkọ àti ìyá ọkọ nìkan. Ọmọ tí wọ́n bí lánàá, bí ìyàwó bá wọlé lónìí, ọkọ ìyàwó ni. Orúkọ tó bá wu ìyàwó ni yóò sọ ọ́: Eyínfúnjowó, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, Adúmáadán. Àwọn àgbà, ibi tí wọ́n ń jókòó sí tàbí iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni yóò fi máa pè wọ́n. Ẹnu ìyá mi ni mo ti gbọ́ gbogbo ìdílé bàbá mi, torí ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti dàgbà, bàbá mi kì í sì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí mo fi gbé àdàpè ìyàwó ilé kiri, tí mo rò pé orúkọ ni. Èmi, tíṣà ìtàn.

Bàbá mi ti kú. Àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wọn ti kú tán. Nígbà tí bàbá mi wọ ilé-ìwé, orúkọ bàbá wọn ni tíṣà kọ sílẹ̀, ibẹ̀ ni ìwé ti bẹ̀rẹ̀ fún wa, kò sóhun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Agboolé wa gan-an ti di títì. Ẹni kan ṣoṣo tó kù láyé tó mọ orúkọ Bàbá Ìdí-Orógbó gan-an ni ìyá mi, tó bá bàbá náà láyé fún ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó kú. Ìyá mi sì ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ń bá wọn jà.

Mo pè wọ́n lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tá a dé láti church.

"Màámi, kí lorúkọ Bàbá Ìdí-Orógbó gan-an?"

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Ọmọ ọmọ yín ló ń béèrè. Iṣẹ́ school ni."

"Ìyàwó ni wọ́n gbé mi wọ ilé yẹn. Mi ò pè wọ́n lórúkọ nígbà tí wọ́n wà láyé, ṣé ìgbà tí wọ́n kú ni màá wá máa pè wọ́n?"

"Màámi, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti kú."

"Ṣé mo ní wọn ò kú ni?"

Ó yẹ kí n fi mọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọmọ mi ṣì wà létí mi. Mo ní, "Bẹ́ ẹ bá wá gbé e kú ńkọ́?"

Wọ́n ní ó dàbọ̀. Wọ́n sì pa fóònù náà.

Inú ọ̀sẹ̀ yẹn ni ọ̀rọ̀ bàjẹ́. Búrẹ́dì àgbàdo ń wu Màmá jẹ, irú èyí tí ìyá rẹ̀ àgbà máa ń ṣe, ó ní kí n wo ìwé tí ìyá náà fi ọwọ́ kọ bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ sí. Ìwé yẹn ti wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù kíṣíìnì láti ọdún gbọọrọ, òróró ti mu ún. Mo ṣí i, bébà kan tí wọ́n ká sí mẹ́rin jábọ́ láti inú èèpo ẹ̀yìn rẹ̀. Mo tú u. Mo ti rí tó nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ láti mọ ọwọ́ akọ̀wé ayé ọjọ́un. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé òun, baba ńlá yìí, fún ọmọ òun, èyí tó fẹ́ ọmọbìnrin oní-ẹ̀rọ ìlọ-àgbàdo, ní ilẹ̀ tó wà ní òdìkejì odò. Àmì X wà nísàlẹ̀. Lókè àmì náà, wọ́n kọ ọ́ pé ó tún fún un ní obìnrin dúdú kan pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ méjì. Wọn ò kọ orúkọ obìnrin náà, wọn ò kọ ti àwọn ọmọ.

Ohun tí ọdún mẹ́tàlá kò rí ni mo rí láàárín ìyẹ̀fun àti ẹyin. Mo gbọ́ ikọ́ Màmá ní parlour. Ó yẹ kí n ké sí i. Mo ká bébà náà padà, mo fi í sínú báàgì mi, mo sì po ìyẹ̀fun àgbàdo náà.

Lójú ọ̀nà, mo sọ fún ara mi pé nítorí obìnrin tí wọn ò kọ orúkọ rẹ̀ yẹn ni. Àwọn tó ráyè kọ àwọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ sílẹ̀, tí wọn ò ráyè kọ orúkọ ènìyàn, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá a títí. Ọ̀rọ̀ náà dára lẹ́nu. Irọ́ ni. Bí wọn ò bá tilẹ̀ kọ obìnrin kankan síbẹ̀, màá gbé e. Ìlara ni. Mo pinnu pé ọjọ́ tí tèmi bá tẹ̀ mí lọ́wọ́ ni màá fún un ní tirẹ̀. Mo fi bébà náà sínú dúrọ́ọ̀, lábẹ́ ìwé ìrìnnà mi.

Láti ìgbà yẹn, ojú Màmá ń burú sí i. Ó fi gíláàsì ńlá kàwé, gíláàsì náà ò tó mọ́, ó ra èyí tó ní iná. Mo ń rí gbogbo rẹ̀. Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé fún un. Ní Saturday kan mo wọlé láti gbé e, mo bá òun àti Màmá lórí àga kan náà, orí ọmọ mi wà ní èjìká rẹ̀. Nínú ọkọ̀, ó ní, "Mummy, she's going to leave me everything. All the papers. She says I'm the only one who cares. I'll be like the keeper."

"Keeper ilé ẹlòmíràn."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ń bínú?"

Mo ní mi ò bínú. Mo bínú débi pé mo kọjá exit wa.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn sún mi ṣe. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìyá mi lójoojúmọ́. Mo lo ọgbọ́n, mo lo ẹ̀bẹ̀, mo lo ìbínú. Mo ní kí wọ́n sọ ọ́ fún aládùúgbò kó bá wọn sọ ọ́, wọ́n ní ẹnu ta ni aládùúgbò yóò ti gbọ́ ọ. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ wọn ru sókè tí wọ́n dá wọn dúró sílé ìwòsàn fún ọjọ́ mẹ́ta, mo pè wọ́n lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ti jẹun. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ti lo oògùn. Mo wá dé ibi tí mò ń lọ.

"Ọmọ yìí," wọ́n ní, "ara mi ò yá."

"Ìdí rẹ̀ gan-an ni mo fi ń béèrè, Màámi."

Mo gbọ́ ara mi bí mo ti ń sọ ọ́. Mi ò kó ọ̀rọ̀ náà jẹ.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí wọ́n ti padà sílé ni voice note kan wọlé, ní òwúrọ̀ Thursday kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ páàkì síwájú ilé Màmá. Ìyá mi kì í fi voice note ránṣẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́. Ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ni àga tí wọ́n ń sún, lẹ́yìn náà ọwọ́ tó ń wá ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Eékún wọn ti ń dùn wọ́n láti ọdún mẹ́wàá, orí àga ni wọ́n ti ń gbàdúrà ní church. Wọ́n kúnlẹ̀. Mo mọ̀ nípa bí ohùn wọn ṣe wá láti ìsàlẹ̀.

"Ẹ̀yin bàbá àgbà ọkọ mi, mo kúnlẹ̀ o. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí mo ti wà nílé yín, ẹ ò gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí. Ọmọ yín tó wà lókè òkun ló ń béèrè. Kì í ṣe àfojúdi. Ẹ foríjì mí."

Lẹ́yìn náà wọ́n pe orúkọ kan, wọ́n rọra pè é, bí ẹni tó ń pè é sétí ẹni tó ni ín. Wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń pa ẹ̀rọ náà. Ó ń gbà á sílẹ̀ lọ. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gbìyànjú láti dìde, mo gbọ́ ìmí wọn, mo gbọ́ tí wọ́n tún padà kúnlẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ kò gbé wọn. Ó pẹ́ kí wọ́n tó dìde. Kò sẹ́ni tó wà pẹ̀lú wọn nínú yàrá náà.

Mi ò wọlé sọ́dọ̀ Màmá. Mo yí ọkọ̀ padà sí Lithonia, mo lọ mú bébà yẹn, mo fi wákàtí kan pẹ́ níbi iṣẹ́.

Mo jókòó ti Màmá lórí àga, mo sì jẹ́wọ́. Mo ní inú ìwé oúnjẹ ni mo ti rí i, pé ọ̀dọ̀ mi ló wà láti ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án. Ó bi mí pé kí ló dé. Mo sọ fún un pé mo jowú. Ní English ni mo sọ ọ́, ó sì kéré lẹ́nu ju bó ṣe tó nínú mi lọ.

Ó fi ọwọ́ wá bébà náà lórí itan mi. Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó tún gbé e sún mọ́ ọn sí i, ó tan iná gíláàsì rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sọ ọ́ kalẹ̀.

"Nine weeks," ó ní. "I could still read nine weeks ago."

Ó ní kí n kà á fún un. Mo kà á, títí kan obìnrin àti ọmọ méjì náà. Ó ní kí n tún un kà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń sọ pé ọmọ baba ńlá òun ni, ọmọ rẹ̀ gan-an ni. Mo ti ń retí kó lé mi. Dípò bẹ́ẹ̀, ó nu ojú rẹ̀, ó ní, "And yours? Did your mama ever tell you?" Ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń wá pẹ́ńsùlù lórí tábìlì.

Ọmọ ilé ni mí, kì í ṣe ìyàwó. Mo lẹ́tọ̀ọ́ láti pe orúkọ yẹn níbi tó bá wù mí. Mo la ẹnu, mi ò lè pè é. Mo sọ fún un pé ó ti dé, ṣùgbọ́n kó má tíì kọ ọ́. Ó mi orí pé ó dáa, ó gbé pẹ́ńsùlù náà sílẹ̀.

Nígbà tí mo parí iṣẹ́, mo jókòó sínú ọkọ̀, mo pe ìyá mi.

"Màámi, mo dúpẹ́ o."

"Ó ti dé ọwọ́ rẹ?"

"Ó ti dé. Eékún yín ńkọ́?"

"Eékún wà níbẹ̀. Òyìnbó rẹ ńkọ́? Ṣé o ti bá a dọ́gba báyìí?"

Mi ò sọ ọ̀rọ̀ Màmá fún wọn rí ju pé ibẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mi ò sọ ọ̀rọ̀ ìlara fún wọn rí. Ọmọ ni mo fi bojú láti ìbẹ̀rẹ̀, mo ní school ló ń béèrè. Mo di fóònù mú, wọn ò sì tún un bi mí. Wọ́n ti mọ̀ kí wọ́n tó kúnlẹ̀.